Kànga Ilé Ọlọ́run

“Ìyá Reine, dákun, gbé garawa rẹ kúrò lórí ìlà.”

Sidonie rọra sọ ọ́ ni, ṣùgbọ́n gbogbo obìnrin tó tò sídìí kànga ló gbọ́. Ẹni tó ń fa okùn dáwọ́ dúró. Ẹni tó ń ká òṣùká dì í mú lọ́wọ́ bí ẹni tó ti gbàgbé ohun tí wọ́n ń fi òṣùká ṣe.

Sẹ̀gilọlá kò gbé garawa. Ó wo kọ́kọ́rọ́ kànga tó so mọ́ etí ìró Sidonie, lẹ́yìn náà ó gbójú sókè wo ẹni tó ró ìró.

“Ìyálé mi, ṣé èmi lẹ ń bá wí?”

“Ìwọ ni. Ìgbìmọ̀ ìjọ ti sọ̀rọ̀, gbogbo wa la gbọ́ ọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Títí o ó fi ronú pìwà dà, o kò gbọdọ̀ fa omi níbí.”

“Reine ńkọ́? Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ọmọ tí kò tíì ká eyín tán dá?”

“Má bá mi jà. Kì í ṣe ẹnu mi ni àṣẹ ti jáde.”

“Mo mọ̀.” Sẹ̀gilọlá fi ọwọ́ gbá símẹ́ńtì ẹnu kànga. “Barnabé wà nínú àwọn tó gbẹ́ ihò yìí. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó títí tí kò fi lè fi ọwọ́ jẹ iyán. Lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ ò ní í bu omi níbẹ̀.”

Ó gbé garawa rù, ó gba ọ̀nà igbó. Ọmọbìnrin rẹ̀ tẹ̀ lé e pẹ̀lú kèrègbè kékeré kan lọ́wọ́. Okùn tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, kò sì sẹ́ni tó wẹ̀yìn.

Ẹni tí kò bá mọ ilẹ̀ Kétu lè rò pé ọ̀rọ̀ omi lásán ni. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni, ilẹ̀ pupa, ó ga, kò sì sí odò tó ń ṣàn lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbẹ́ kànga níbẹ̀ yóò gbẹ́ títí okùn yóò fi tán, eruku ni yóò máa kó jáde. Òjò ni ìyá gbogbo wọn. Bí òjò bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í la ètè, àwọn obìnrin ìlú Ìgbó-Ayùnrẹ́ yìí a gba ọ̀nà Kpankou lọ sí àbàtà kan tí màlúù àwọn Bọ̀rọ̀rọ́ ń mu, tí wọ́n sì ń tọ̀ sí. Lẹ́yìn tí àwọn Faransé kó àsíá wọn lọ ni Honoré, ọkọ Sidonie, tó jẹ́ Bàbá Ìjọ, lọ bá àwọn aláṣẹ tuntun ní Kétu, tó sì gba símẹ́ńtì bọ̀. Àwọn ọkùnrin ìjọ gbẹ́ kòtò ńlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n rẹ́ ẹ, wọ́n fi páànù darí òjò orí òrùlé sínú rẹ̀, wọ́n sì fi ìdérí àti àgádágodo tì í. Omi inú rẹ̀ mọ́ gaara. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú jù, ojú lásán ni èèyàn fi ń mọ onígbàgbọ́ nílùú náà: àwọn nìkan ni aṣọ wọn ń funfun.

Barnabé, àbúrò Honoré, ni ejò ṣán lóko ẹ̀gẹ́ nígbà àgbàdo tuntun. Kí wọ́n tó gbé e délé, ẹnu rẹ̀ ti dì. Sẹ̀gilọlá ṣe opó rẹ̀ bí ìjọ ti ń ṣe é, ó wọ dúdú, kò pa ìsìn kan jẹ. Kò pẹ́ tó bọ́ dúdú ni ẹjọ́ rẹ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀. Honoré fúnra rẹ̀ ló dìde sọ pé ibà mú Reine, ìyá rẹ̀ sì lọ gba hàǹtú, omi tí wọ́n fi fọ wàláà, lọ́wọ́ ààfáà fún un mu. Ó ní ẹni tó bá fọ wàláà sínú ọmọ tó ti gba ìrìbọmi ti ta Olúwa rẹ̀. Sẹ̀gilọlá ní àgbo ibà lásán ni Àyìsátù, aládùúgbò òun, gbé fún òun. Ewé ni, egbò igi ni. Wọn kò pe Àyìsátù kó wá sọ tẹnu rẹ̀. Wọ́n ní ìmàle kì í jẹ́rìí nínú ìjọ. Àwọn àgbà tó dá ẹjọ́ náà ti jẹun yó, wọ́n sì ti mu omi tútù lé e, kí wọ́n tó jókòó. Wọ́n ní kí obìnrin náà máa jókòó lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, kó má jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, kó má sì fa omi ìjọ. Pásítọ̀ Désiré, ọ̀dọ́mọkùnrin tó kàwé ní Àjàṣẹ́, ka ìpinnu náà láìgbójú sókè.

Sidonie gbà á gbọ́. Ó gbà á gbọ́ nítorí pé ọkọ rẹ̀ ló sọ ọ́, àti nítorí pé ó rọrùn láti gbà gbọ́.

Lọ́jọ́ tó lọ bá Sẹ̀gilọlá nílé, ìmọ̀ràn ló gbé lọ. Ó fẹ́ kó wá kúnlẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀, kó tọrọ àforíjì, kí ọ̀rọ̀ tán. Ó bá a lẹ́nu ọ̀nà níbi tó ti ń fi aṣọ sẹ́ omi àbàtà. Ohun tó ṣẹ́kù lórí aṣọ náà rí bí ewébẹ̀ tó ti rà, nǹkan kan sì ń rìn nínú rẹ̀.

“Ìyá Reine, ìgbéraga ò dáa. Kí ni kíkúnlẹ̀ máa gbà lọ́wọ́ rẹ? Sọ pé o ṣẹ̀, kí wọ́n gbà ọ́ padà.”

“Kí n sọ pé mo ṣe ohun tí n kò ṣe?”

“Nítorí ọmọ rẹ.”

Sẹ̀gilọlá fún aṣọ náà gbẹ.

“Ìyálé mi, ẹ jókòó. Nítorí yín ni mo ṣe pa ọ̀rọ̀ yìí mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ ti wá bá mi wí lórí rẹ̀, ó di dandan kí ẹ gbọ́. Bàbá Clémence, ọkọ yín, wá síbí lọ́sàn-án ọjọ́ tí ẹ lọ ìpàdé àwọn ìyá ní Idigny. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣú mi lópó.”

“Irọ́!”

“Mo ní ìyàwó kan ṣoṣo ni wọ́n ń wàásù fún wa pé kí onígbàgbọ́ ní. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́tọ̀, ti ilé lọ́tọ̀, wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ sọ fún yín. Ibẹ̀ ni ojú wọn ti yí padà. Wọ́n ní n ó rí i.”

“Ọkọ mi! Bàbá Ìjọ lo gbé ẹnu lé báyìí?” Sidonie ti dìde, ó ti na ọwọ́ sókè láti gbá a létí.

Sẹ̀gilọlá kò yẹ̀ fún ọwọ́ náà. Ó kàn yí padà wọ yàrá, ó sì mú aṣọ kan jáde tó ṣì wà ní kíká bí wọ́n ti ká a ní ìsọ̀ tí wọ́n ti rà á.

“Èyí ni wọ́n gbé wá. N kò tú u wò.”

Aṣọ aró ni, ẹyẹ pupa wà lára rẹ̀. Clémence, ọmọ Sidonie tó wà nílé ọkọ ní Àjàṣẹ́, ló fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ fún ọdún Kérésìmesì. Sidonie ti tú gbogbo àpótí wá a. Honoré náà bá a wá a. Ó tiẹ̀ gbàdúrà nídìí oúnjẹ pé kí Ọlọ́run tú àṣírí olè.

Ọwọ́ Sidonie wálẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ilé àlùfáà ló gbà lọ tààrà. Pásítọ̀ Désiré ń kọ ìwàásù lọ́wọ́. Ó fún un ní àga, ó gbọ́ ọ látòkèdélẹ̀, ẹnu kò sì yà á.

“Ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀,” Sidonie wí.

“Ìyá, Ìyá Reine ti wá sọ fún mi kí ìgbìmọ̀ tó jókòó.”

“Ẹ sì ka ìdájọ́ yẹn lé e lórí?”

Désiré bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún. “Ẹ fi sùúrù gbọ́ mi. Alábòójútó àwọn ìjọ wa ń bọ̀ wá bẹ̀ wá wò. Tí a bá tú Bàbá Ìjọ fó báyìí, ìjọ á pín sí méjì. Ta ló máa bá wa bá àwọn aláṣẹ Kétu sọ̀rọ̀ lórí ilé-ìwé tí a fẹ́ kọ́? Ti Ìyá Reine, ọ̀rọ̀ ẹnì kan ni. Ti ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ gbogbo ọmọ agbègbè yìí ni.”

“Omi ńkọ́, Pásítọ̀?”

“Kó mú sùúrù. Òjò kò ní pẹ́ rọ̀.”

Sidonie jáde. Ó yẹ kó gba ẹnu kànga lọ, kó ṣí i, kó ránṣẹ́ pe opó náà níṣojú gbogbo ìlú. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ilé ló lọ, ó se oúnjẹ, ó sì kúnlẹ̀ gbé e ka iwájú ọkọ rẹ̀ bí ó ti ń ṣe láti ọjọ́ tó ti wọlé rẹ̀. Ó ní òun máa ronú sí i. Ó ronú sí i lọ́jọ́ kejì, ó tún ronú sí i lọ́jọ́ kẹta. Ìbẹ̀rù a máa jọ ìrònú lójú ẹni tó ń bà.

Kó tó ronú tán, Àyìsátù ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, gèlè lọ́wọ́, eruku dé orúnkún.

“Ìyá Clémence, ẹ fi Ọlọ́run ṣe é, ẹ bùn wá lómi. Reine ń ya ìgbẹ́ ọ̀rìn, ẹ̀jẹ̀ ti wà nínú rẹ̀. Omi àbàtà náà là ń fún un, òun náà ló sì ń pa á.”

Sidonie sáré. Ó ṣí àgádágodo kànga. Ó fa omi kún garawa, ó gbé e rù láìní òṣùká, omi ń dà sí i léjìká, kò sì wo ẹni tó ń wò ó. Nínú yàrá, Reine wà lórí itan ìyá rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wọnú, ètè rẹ̀ ti gbẹ bí èèpo iṣu. Sidonie fi ṣíbí bu omi sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ọmọ náà gbé e mì.

“Ó dùn,” ó wí.

Kò pẹ́ tó bì í.

Ràmọ́nù, ọkọ Àyìsátù, gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde. Sẹ̀gilọlá fi ọ̀já pọn ọmọ mọ́ ẹ̀yìn, ó gun ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, wọ́n sì kọjú sí ilé ìwòsàn Kétu. Àwọn obìnrin méjèèjì fi ẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé wọn nínú oòrùn. Wọn kò tíì kọjá àwọn oko ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi rí Ràmọ́nù tó ń bọ̀ lókèèrè. Kò gun kẹ̀kẹ́ náà mọ́, ó ń tì í ni. Sẹ̀gilọlá ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń dúró lóòrèkóòrè láti tún ọ̀já so.

Honoré ló kọ́kọ́ dé ilé ọ̀fọ̀ pẹ̀lú agbádá funfun. Ó ní ìjọ ti ń kan pósí. Ó ní ìyá ló wà lábẹ́ ìbáwí, ọmọ kò sí lábẹ́ ìbáwí, nítorí náà ìtẹ́ ìjọ ni wọn yóò sin ín sí, pẹ̀lú orin.

“Ọmọ wa ni,” ó wí. “Olúwa ló fẹ́ ẹ jù wá lọ.”

Sẹ̀gilọlá kò gbójú sókè. “Ẹ má fi Olúwa bojú. Ọmọ yín kọ́ nígbà tó wà láàyè tó ń wá omi mu. Ẹ kó pósí yín lọ.”

Ẹ̀yìn ilé ni Ràmọ́nù gbẹ́ ilẹ̀ sí. Ọwọ́ ìmàle ló gbé ọmọ onígbàgbọ́ náà sínú ilẹ̀. Pásítọ̀ Désiré dúró lókèèrè, ìwé àdúrà rẹ̀ wà ní pípadé lábẹ́ apá.

Nígbà tí wọ́n délé, Honoré jókòó, ó sì ń retí oúnjẹ. Sidonie kò gbé oúnjẹ wá, kò sì kúnlẹ̀.

“Aṣọ tí Clémence fi ránṣẹ́ sí mi ti wà lọ́wọ́ mi. Opó àbúrò rẹ ló gbé e fún mi.”

Honoré gbọ́ “àbúrò rẹ” yẹn kó tó gbọ́ ti aṣọ. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, ẹnu obìnrin yìí kò fi “ìwọ” pè é rí.

“Àṣà àwọn bàbá wa ni,” ó wí. “Ìyàwó àbúrò mi, ta ló tún yẹ kó ṣú u lópó bí kò ṣe èmi?”

“Kí ló dé tí o kò sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀? Kí ló dé tó fi jẹ́ hàǹtú lo sọ?”

“Sidonie, mọ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀.” Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ohùn tó fi ń gbàdúrà fún àwọn aláìsàn. “Tó bá sì jẹ́ pé ẹni tó pa ọmọ yẹn lò ń wá, ṣé èmi ni mo lé ìyá rẹ̀ nídìí kànga? Ṣé mo wà níbẹ̀? Ìwọ lo lé e.”

Ọ̀rọ̀ náà wọlé, ó sì jókòó. Sidonie mọ̀ pé òótọ́ ni. Ìbínú tó dìde nínú rẹ̀ kò mọ ibi tí yóò kọjú sí. Ó jó ọkọ rẹ̀, ó padà wá jó òun fúnra rẹ̀. Ó lọ bá Sẹ̀gilọlá, ó kúnlẹ̀ sínú eruku ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

“Ẹ dìde, ìyálé mi,” Sẹ̀gilọlá wí. Ó ń di ẹrù lọ́wọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ, ní òdì-kejì ààlà, ló ń lọ. “Ẹ má bẹ̀ mí. N kò ní àforíjì kankan lọ́wọ́ báyìí. Bóyá n ó ní i lọ́jọ́ kan. Ẹ má dúró dè é.”

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìkéde, Sidonie dìde láàárín Ẹgbẹ́ Ìyá Ìjọ. Ó tú aṣọ ẹlẹ́yẹ náà, ó nà án sókè kí gbogbo ìjọ rí i. Ó sọ bí ó ti kúrò nínú àpótí rẹ̀, ó sọ ẹni tó gbé e lọ àti ohun tó fẹ́ fi gbà. Ó yíjú sí pẹpẹ, ó sọ ẹni tó ti mọ̀ ṣáájú tó sì pa ẹnu mọ́. Kò fi ara rẹ̀ pa mọ́.

“Ọwọ́ mi ló ti kànga náà mọ́ Reine. Ẹ bá mi wí, mo tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dé orí mi, ẹni tó purọ́ ńkọ́?”

Àwọn obìnrin ń wo ilẹ̀. Ohùn kan ké láti apá ọkùnrin pé, “Ẹ mú un jáde!” Désiré sì kéde orin tó kàn.

Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni ìgbìmọ̀ jókòó. Wọn kò bi í bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́. Ohun tí wọ́n bi í ni pé irú obìnrin wo ló ń tú ọkọ rẹ̀ síhòòhò níwájú ìjọ. Wọ́n fi í sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e fún Thérèse, igbákejì rẹ̀ nínú ẹgbẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Thérèse dúró lẹ́nu kànga, ó ní, “Ìyá Clémence, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi.” Sidonie gba ọ̀nà àbàtà.

Alábòójútó dé kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀. Wọ́n fi màrìwò ṣe ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́ṣọ̀ọ́, àwọn ọmọdé tò sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ó wàásù dáadáa, nítorí ó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Nígbà tó parí, wọ́n mú un lọ wo kànga, ó sì fi ọwọ́ lé Honoré léjìká níṣojú gbogbo èèyàn. Ó ní irú ìgbàgbọ́ tó ń fún ará ìlú lómi mu ni orílẹ̀-èdè tuntun yìí nílò. Ó ní òun yóò sọ nípa ìjọ yìí níbi gbogbo tí òun bá dé. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Désiré náà pàtẹ́wọ́.

Wọ́n jẹun nílé àlùfáà. Nígbà tí wọ́n ń sìn ín jáde, Sidonie ti àbàtà dé, ó sì sọ garawa rẹ̀ kalẹ̀ láti sinmi lábẹ́ igi tí wọ́n gbé ọkọ̀ sí. Oòrùn ti mú. Alábòójútó rí àgbà obìnrin pẹ̀lú omi, ó rẹ́rìn-ín sí i bí ọmọ sí ìyá.

“Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. Ẹ bùn mi lómi kí n fi lọ.”

Sidonie bu omi sínú igbá, ó kúnlẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ọkùnrin náà gbé e dé ẹnu kó tó wo inú rẹ̀. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

“Irú omi wo rè é?”

“Omi àbàtà ni, Bàbá. Òun ni àwọn tí ìjọ bá bá wí ń mu. Òun ni Reine mu tó fi kú.”

Ó da omi náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, kó má baà ta sí aṣọ àlùfáà rẹ̀ lára. Ó yíjú sí Pásítọ̀ Désiré.

“Ta ń jẹ́ Reine?”

Désiré ya ẹnu. Ó wo Honoré. Honoré ti ń ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀. “Ìyàwó ilé mi ni obìnrin yìí, sà. Láti ìgbà ọ̀fọ̀ kan tó ṣẹ̀ wá ni ọkàn rẹ̀ kò ti fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀. À ń gbàdúrà fún un.”

“Ẹ máa bá a lọ,” Alábòójútó wí, ó sì wọlé jókòó.

Sidonie dìde nílẹ̀. Ó kọjú sí Ẹgbẹ́ Ìyá Ìjọ tó tò lọ bẹẹrẹ nínú aṣọ funfun wọn, àwọn tó ti gbé Reine jó lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ.

“Ó béèrè!” ó kígbe. “Ó béèrè ẹni tó ń jẹ́ Reine! Ẹ dá a lóhùn!”

Thérèse ló dá orin ìdágbére. Àwọn yòókù gbè é, wọ́n sì gbé e sókè, sókè gan-an, títí ọkọ̀ fi lọ.